Ẹ̀rí Ògiri Ilé Ẹ̀kọ́
Agbaṣẹ́ṣe Láníhún jí sìmẹ́ǹtì ilé ẹ̀kọ́, ògiri wó pa ọmọ méjì, ó sì di ẹ̀bi náà ru Àwẹ̀ró, opó tó ń pọnmi fún àwọn bíríkìlà. Ó sọ níwájú Baálẹ̀ pé, “Omi rẹ ló sọ ògiri di ẹlẹgẹ́. Àfi kí ògiri fúnra rẹ̀ jẹ́rìí gbè ọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀wọ̀n lò ń lọ.” Àwẹ̀ró gbé ààbọ̀ búlọ́ọ̀kù kan láti ara ògiri tó wó, ó gbé òmíràn níbi tí Láníhún ti ń kọ́lé ara rẹ̀, ó sì rì wọ́n sínú bàsíà omi kan náà. “Ẹ̀yin bíríkìlà, kí ni omi ń ṣe fún búlọ́ọ̀kù?” “Ó ń mú un le ni, ìyá.” Kò pẹ́ tí ti ilé ẹ̀kọ́ fi tú di yanrìn, ti ilé Láníhún le koko. “Ọ̀gá, omi odò kan náà ni mo pọn síbi méjèèjì. Ògiri ti jẹ́rìí.” Láníhún dọ̀bálẹ̀ níwájú àwọn òbí tọ́mọ wọn kú, ó ní, “Èmi ni mo jí sìmẹ́ǹtì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí.”