Orúkọ Tí Àlejò Sọ Ọmọ Látúnjí

Pásítọ̀ Ọládìtí ló ń kọ́ àwọn pásítọ̀ ìgbèríko ní iṣẹ́ ìránṣẹ́ ní abúlé Oníyangí. Àgbẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn. Bí wọ́n bá ti oko dé, wọ́n á fọ ẹsẹ̀, wọ́n á wá jókòó sábẹ́ igi ọsàn. Ìwé kò tó wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà ń yé wọn, nítorí ẹni tó ń kọ́ wọn mọ oko, ó sì mọ ilé wọn. Nígbà tí ìjọ kan ní ilẹ̀ Gáná ní àwọn fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́, inú Ọládìtí dùn, àyà rẹ̀ sì tún ń já. Ó ti gbọ́ pé wọ́n ń gbèrò láti rán olùkọ́ tiwọn wá rọ́pò òun.

Ẹni-ọ̀wọ̀ Kofí ni wọ́n rán wá wo iṣẹ́ náà. Kofí kì í ṣe ènìyàn líle. Ó ti gbé Èkó rí, ó gbọ́ Yorùbá, ó sì ń jẹ iyán bí ẹni tí wọ́n bí sí Èkìtì. Òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ sọ ọmọ Látúnjí, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, lórúkọ ló dé. Wọn kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ọ̀fọ̀ kí àlejò káàbọ̀, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé náà fún un. Láti bu ọlá fún un, wọ́n gbé ọmọ lé e lọ́wọ́ pé kó sọ ọ́ lórúkọ.

“Ọjọ́ wo ni wọ́n bí i?” ni Kofí béèrè. Ní ìlú tirẹ̀, ọjọ́ ìbí ló ń fún ọmọ lórúkọ. Ọjọ́ Ẹtì tí wọ́n bí òun náà ló sọ ọ́ di Kofí.

“Ọjọ́ Àjíǹde ni,” ìyá àgbà, ìyá ìyàwó Látúnjí, dáhùn.

“Ọjọ́ ọdún ńlá mà ni. Bọ́dúndé ni yóò máa jẹ́.”

Kò sẹ́ni tó ṣe àmín. Látúnjí dorí kodò, ìyá àgbà sì fi etí ìró nu ojú.

Ọládìtí mọ̀ pé bí òun bá sọ̀rọ̀, ìrànlọ́wọ́ lè bọ́ lọ́wọ́ àwọn. Síbẹ̀ ó dìde. “Ẹ má bínú, bàbá. Ibi ìkúnlẹ̀ ọmọ yìí ni ìyá rẹ̀ kú sí. Bí a bá ń pè é ní Bọ́dúndé, ọjọ́ ikú yẹn la ó máa rán ilé yìí létí.”

Kofí rọra gbé ọmọ náà fún Ọládìtí. “Ẹ̀yin lẹ mọ ilé yìí. Ẹ bá mi sọ ọ́ lórúkọ.”

Ọládìtí gbé ọmọ náà sún mọ́ ìyá àgbà. “Màmá, bí ẹ bá gbé ọmọ yìí, báwo ló ṣe ń rí lára yín?”

“Òun ló ń rẹ̀ mí lẹ́kún.”

“Rẹ̀mílẹ́kún ni yóò máa jẹ́.”

Àmín náà gba gbogbo ilé kan. Ìyá àgbà na ọwọ́ gba ọmọ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n jẹun tán, Kofí pe Ọládìtí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Pásítọ̀, mo dúpẹ́ tí ẹ dá mi dúró. A ó kó ìwé wá, a ó sì bá yín kọ́ ilé ẹ̀kọ́. Ní ti olùkọ́, ẹ ti ní.” Ọládìtí dọ̀bálẹ̀ gbalaja, omi sì lé ròrò sí ojú rẹ̀.

Ìlú yòówù tí Kofí bá lọ lẹ́yìn ìgbà náà láti ran àwọn olùkọ́ pásítọ̀ lọ́wọ́, ohun tó kọ́kọ́ máa ń béèrè ni bí ilé ṣe rí. Láti ibẹ̀ ni àwọn àgbà ti rí òwe pa, tí wọ́n ń sọ pé: ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ.