Ohùn Tí Àwẹ̀ró Ń Dúró Dè

"Ká gbọ́ tẹnu ọmọ ká tó gé ìwọ́." Ta ni nínú wa tí kò tíì gbọ́ òwe yìí rí? Níbi ìpàdé ẹbí, níbi tí tọkọtaya ti ń jà, ẹnì kan á ṣáà pa á. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ ibi tó ti ṣẹ̀? Èmi náà pa á lọ́jọ́ kan níṣojú ìyá bàbá mi, ó sì bi mí pé, "Ọmọ ta ni?" Mi ò mọ̀. Ó ní kí n jókòó. Bó ṣe sọ ọ́ fún mi nìyí.

Àwẹ̀ró lorúkọ obìnrin náà, ìyàwó Àkànmú àgbẹ̀, ní abúlé Ìdí-Arère. Ó ti pé ọdún méje nílé ọkọ. Ó ti bímọ lẹ́ẹ̀mejì, síbẹ̀ kò gbọ́ ohùn ọmọ rí nínú yàrá rẹ̀. Àwọn méjèèjì ni kò ké. Láyé ìgbà náà, bí ọmọ bá jáde lábúlé yẹn tí kò ké, wéré ni agbẹ̀bí á gé ìwọ́ tó so ó mọ́ ìyá rẹ̀, á fi aṣọ wé e, wọn á sì gbé e gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Wọn kì í jẹ́ kí ìyá rí ojú rẹ̀. Wọ́n ní àánú ni àwọn ń ṣe é, pé ohun tí ojú kò bá rí, ọkàn kì í fà sí i.

Ọkàn Àwẹ̀ró fà sí i. Lẹ́yìn ìbí kejì, bí ọmọ aládùúgbò bá ti ké, omi ọmú rẹ̀ á máa sun, aṣọ àyà rẹ̀ á rin gbindin. Nígbà tí ọmú náà gbẹ, etí rẹ̀ kò sinmi. Ọ̀nà jíjìn ló ń gbà lọ sódò, kó lè kọjá lẹ́yìn ilé àwọn abiyamọ. Ó mọ igbe ìkókó kọ̀ọ̀kan nínú abúlé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Àkànmú ń ti oko bọ̀, ó bá a lẹ́yìn ilé onílé, ìkòkò omi lórí, ó dúró, kò mira.

"Kí lò ń ṣe níbí?"

"Ohùn ọmọ wọn ni mò ń gbọ́," ni Àwẹ̀ró wí.

Àkànmú sọ ìkòkò náà kalẹ̀ lórí rẹ̀, ó gbé e fúnra rẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọ rìn lọ sílé.

Nígbà tí oyún kẹta pé oṣù mẹ́sàn-án, Àwẹ̀ró lọ bá agbẹ̀bí nílé. Èfúnyẹmí lorúkọ ìyá náà, ọwọ́ rẹ̀ ni Àwẹ̀ró sì bí àwọn méjì àkọ́kọ́ sí. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ toyúntoyún.

"Ìyá, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo wá bẹ̀ yín. Bí èyí náà kò bá ké, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gé ìwọ́ rẹ̀. Ẹ gbé e lé mi láyà."

"Ọmọ mi, kí lo fẹ́ fi ọmọ tí kò sí ṣe?"

"Ohùn rẹ̀ ni mo fẹ́ gbọ́. Bí n kò bá sì gbọ́ ọ, kó jẹ́ pé mo dúró dè é."

Ọdún tí Èfúnyẹmí fi ń gbẹ̀bí ti lé ní ọgbọ̀n, kò sì sí ẹni tó bẹ̀ ẹ́ ní irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ó kàn fà á dìde.

Àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́ ni ọmọ náà dé. Obìnrin ni. Ara rẹ̀ dúdú bí ẹ̀lú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ jọwọlọ, kò sì ké. Ìyá Àkànmú, tó dúró tì wọ́n, ti tẹ́ aṣọ sọ́wọ́.

"Gé e," ni ó wí jẹ́jẹ́. "Jẹ́ kí n máa gbé e lọ."

Abẹ wà lọ́wọ́ Èfúnyẹmí. Ó wo Àwẹ̀ró. Àwẹ̀ró na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Agbẹ̀bí fi abẹ sílẹ̀. Bó ṣe fẹ́ gbé ọmọ náà lé ìyá rẹ̀ láyà, ó fi ìka méjì di ìwọ́ náà mú kó má baà lọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró lójú kan. Ohun kan ń sọ kì-kì-kì lábẹ́ ìka rẹ̀, bí ọkàn ẹni ṣe ń lù. Kò yára, ṣùgbọ́n ó ń sọ.

"Kò tíì lọ," ni ó wí.

Ó gbé ọmọ náà lé Àwẹ̀ró láyà, ó fi aṣọ gbígbẹ nu ún láti orí dé ẹsẹ̀, ó nu ẹnu àti imú rẹ̀, ó sì ń ra á lẹ́yìn. Ọmọ kò mira. Ó ta á ní àtẹ́lẹsẹ̀. Kò mira. Nígbà náà ni Èfúnyẹmí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ẹnu ara rẹ̀ bo ẹnu àti imú ọmọ náà, ó sì fẹ́ èémí díẹ̀ sí i, èyí tí kò ju ohun tó kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ. Àyà ọmọ gbé sókè, ó sì rọlẹ̀. Ó tún fẹ́ ẹ. Ó tún fẹ́ ẹ. Gbogbo ìgbà náà, ìwọ́ kò dẹ́kun sísọ, Àwẹ̀ró sì ń sọ̀rọ̀ sí orí kékeré tó wà láyà rẹ̀: "Mo wà níbí. Mò ń dúró."

Ọmọ náà ṣe bí ẹni tó fẹ́ sín. Ó fa ẹsẹ̀ kan mọ́ra. Lẹ́yìn náà ló ké, igbe tín-ínrín bíi ti ọmọ ológbò, ó sì tún ké, èyí le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìyá Àkànmú jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi aṣọ tó tẹ́ sọ́wọ́ bojú. Èfúnyẹmí di ìwọ́ náà mú títí tó fi dákẹ́ fúnra rẹ̀, tó funfun, tó rọ̀. Ìgbà náà ló tó fi òwú dì í, tó sì gé e.

Nígbà tí Àkànmú sáré ti oko dé, ẹ̀gbẹ́ ògiri lóde ló ti bá agbẹ̀bí tí omijé ń dà lójú rẹ̀.

"Ìyá, ṣé kò sí?"

"Ó wà. Wọlé, lọ gbọ́ ohùn ọmọ rẹ," ni Èfúnyẹmí wí. "Àwọn méjì tó ṣáájú rẹ̀ ni mò ń rò."

Mogbóhùn ni wọ́n sọ ọmọ náà. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, Àwẹ̀ró gbé e lé agbẹ̀bí lẹ́sẹ̀, ó sì ní, "Ìyá, ẹ dákẹ́ ẹkún. Ẹ kò mọ̀ ni."

"N kò bèèrè ni," ni Èfúnyẹmí dá a lóhùn.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo obìnrin tó kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ló ń kọ́ pé, ká gbọ́ tẹnu ọmọ ká tó gé ìwọ́. Àkànmú ló mú ọ̀rọ̀ náà jáde kúrò ní yàrá ìbímọ. Ẹbí rẹ̀ fẹ́ lé ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan kúrò nílé nítorí ẹ̀sùn olè, ó dìde láàárín wọn, ó sì sọ ọ́. Wọ́n ránṣẹ́ pe ọmọkùnrin náà, ó sọ tẹnu rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n rò.

Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń pa òwe yìí nígbà tí ìkánjú bá fẹ́ já ìbátan: tí bàbá fẹ́ kọ ọmọ, tí ọkọ fẹ́ lé aya, tí ọ̀rẹ́ fẹ́ kẹ̀yìn sí ọ̀rẹ́ nítorí pé ó dákẹ́. Wọ́n ń sọ fún wa pé ẹni tó dákẹ́ lè wà láàyè, àti pé ohun tí a bá ti gé, a kì í so ó padà. Ìyá bàbá mi sọ èyí tán, ó tún fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Ó ní Àwẹ̀ró bí mẹ́rin sí i lẹ́yìn Mogbóhùn, gbogbo wọn ló sì yè. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé ọmọ mélòó ló bí, méje ló máa ń sọ.