Ọkùnrin Tó Ń Jí Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Dìde

Ọkùnrin kan wà tí kì í jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kú. Fi ìdí balẹ̀ kí o gbọ́, n óò dá ọ lóhùn lórí ohun tí o bá wá. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà ìsinsìnyí ni mò ń wí. Àwọn tí wọ́n máa ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n nínú pálọ̀ ni, nígbà tí púpọ̀ nínú wa kò tíì gbọ́ orúkọ kọ̀ǹpútà rí. Àwọn iléeṣẹ́ tó ṣe wọ́n ti kógbá wọlé tipẹ́. Ibi tí àwọn ẹlòmíràn bá ti ń fi wọ́n ti ilẹ̀kùn kí atẹ́gùn má baà gbá a, ibẹ̀ ni ọkùnrin yìí ti ń lọ tọrọ wọn.

Ó mọ iṣẹ́ náà, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Bí ọ̀kan bá ti dákú, yóò tú u palẹ̀, yóò yọ èyí tó jóná nínú rẹ̀, yóò sì fi tuntun tí òun fúnra rẹ̀ ṣe rọ́pò. Ó tún máa ń kọ géèmù tuntun fún wọn, bí ẹni pé àwọn oníbàárà ṣì wà níta tí wọ́n ń dúró. Ó ní ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ ń ṣe é, díẹ̀ nínú wọn nílùú yìí, àwọn yòókù káàkiri ayé. Bí ó bá ti fi àwòrán èyí tó jí dìde ránṣẹ́ sí wọn, wọn a yìn ín títí, wọn a ní kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ rọ. Ohun yòówù kó bàjẹ́, ọ̀rọ̀ kan náà ló ní fún un: "Ẹ gbé e wá, màá tún un ṣe."

Ọkùnrin yìí ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan tó jù ú lọ dáadáa. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n náà lọ́kọ, tí ọkọ sì mú un lọ sí Kàdúná, ìyá wọn kò lè kọ lẹ́tà sí i, nítorí kò mọ̀wé. Ohun tí àwọn ìyá ń ṣe nígbà náà ni òun náà ṣe. Ó lọ bá aládùúgbò kan tó ní rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì, ó jókòó tì í, ó sì bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọmọ wà níwájú rẹ̀. Ó fi oríkì kí i, Àwẹ̀ró, ó pè é, ó tún un pè. Ó béèrè bóyá òtútù ọ̀yẹ́ kò mú un jù. Ó ní àbúrò rẹ̀ ti ń rìn. Láàárín ọ̀rọ̀, ó bú adìẹ kan tó ń jẹ àgbàdo tó sá sílẹ̀, ó lé e, ó sì padà sídìí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó fi kásẹ́ẹ̀tì náà rán ẹni tó ń lọ sí Kàdúná. Kò pẹ́ sí i tó fi kú, àbúrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn yẹn sì di ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pọ̀n dàgbà.

Ẹ̀gbọ́n obìnrin náà ṣẹ́ àwọn ike kékeré tó wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì náà. Ìwọ náà á rántí: bí wọ́n bá ti ṣẹ́ wọn, ẹ̀rọ kò ní lè gba ohùn mìíràn lé èyí tó wà níbẹ̀ mọ́. Ó fi kútẹ́ẹ̀sì pupa sàmì sí i lára. Gbogbo ilé tó kó lọ ló gbé e dé.

Nígbà tó yá, kò sí rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Òun náà ti di àgbàlagbà, ó ti ju ọjọ́ orí tí ìyá rẹ̀ lò láyé lọ. Ó wé kásẹ́ẹ̀tì náà sínú ọ̀rá, ó gbé e wá fún àbúrò rẹ̀.

"Ohùn Màámi ti ń bọ́ mọ́ mi létí," ó wí. "Mo mọ gbogbo ohun tó sọ, ṣùgbọ́n bó ṣe sọ ọ́ ló ń lọ. Bá mi kó o sínú fóònù kí n lè máa gbọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó ń pè mí ní Àwẹ̀ró mọ́ láyé yìí."

"Ẹ gbé e síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi," ọkùnrin náà wí. "Iṣẹ́ kékeré ni."

Iṣẹ́ kékeré ni lóòótọ́. Bí ó bá ti fi í sínú ẹ̀rọ nígbà tó fẹ́ jẹun, ì bá ti parí kó tó fọwọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kékeré kì í dùn mọ́ irú wọn, nítorí kò sẹ́ni tí yóò pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹ̀gbọ́n a pè, a béèrè. "Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi." Kò tíì tú ọ̀rá náà.

Ó wá di pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà nílùú fẹ́ pàdé nílé rẹ̀. Ó ti kọ géèmù tuntun kan, ara rẹ̀ sì ti wà lọ́nà kí wọ́n rí i. Orí kásẹ́ẹ̀tì ni irú àwọn kọ̀ǹpútà yẹn ti ń gba iṣẹ́. Ohun tí èèyàn bá kọ, wọn a sọ ọ́ di ariwo, wọn a gbà á sórí kásẹ́ẹ̀tì, bí wọ́n bá sì tún tan án, kọ̀ǹpútà a gbọ́ ariwo náà, a mọ ohun tí yóò ṣe. Ọ̀nà tó yá ju ìyẹn lọ wà, òun fúnra rẹ̀ ti ṣe ọ̀kan. Ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní bó ṣe rí látilẹ̀ ló ń dùn mọ́ àwọn. Ta ló wá ṣì ń ta kásẹ́ẹ̀tì? Ó wá a títí, àwọn tó rí ti já. Ó bá tú ọ̀rá ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ó rí i pé wọ́n ti ṣẹ́ ike ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ yìí mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí ìyẹn. Wọ́n á gé sẹ́lótéèpù, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ihò náà, ẹ̀rọ á sì gbà pé kò sẹ́ni tó ṣẹ́ nǹkan kan. Kásẹ́ẹ̀tì ìwàásù, kásẹ́ẹ̀tì fújì, bẹ́ẹ̀ náà ló ti ń ṣe sí wọn, ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn. Ṣé o fẹ́ bi mí bóyá ó mọ ohun tó wà lórí èyí? Ó mọ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ojú kan ni ìyá òun sọ̀rọ̀ sí, pé ojú kejì ṣófo. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Ṣùgbọ́n kò fetí sí i kó mọ èwo ni èwo, nítorí àwọn àlejò ti wà lọ́nà. Ojú tí ohùn wà ló mú.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé bá wọn lọ́jọ́ náà. Ta ni yóò ránṣẹ́ ṣáájú kó tó wọ ilé ọmọ tó pọ̀n dàgbà? Àwọn ọkùnrin náà pagbo yí tẹlifíṣọ̀n ká. Ariwo kan ń jáde lára ẹ̀rọ, bí ìgbà tí wọ́n ń fi irin ha irin. Obìnrin náà rí kútẹ́ẹ̀sì pupa.

"Ṣé kásẹ́ẹ̀tì mi kọ́ nìyí?"

Ọkùnrin náà dìde. "Ẹ̀gbọ́n mi, ojú kejì ni mo lò, ti Màámi ṣì wà níbẹ̀."

"Tan án kí n gbọ́."

Ó yí i, ó tan án. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó yí i padà. Ariwo náà tún bẹ̀rẹ̀. Obìnrin náà dúró, ó fetí sí i títí tó fi tán. Bó ṣe tán, ọkùnrin kékeré kan inú géèmù náà yọ lórí tẹlifíṣọ̀n, ó ń fò lórí òkúta. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò ti pàtẹ́wọ́ kí ẹnì kejì rẹ̀ tó fi ìgbọ̀nwọ́ gún un.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú," ọkùnrin náà wí, "ṣùgbọ́n ẹ má sunkún. Màá tún un ṣe."

"Kí lo fẹ́ tún ṣe níbẹ̀?"

Obìnrin náà gbé báàgì rẹ̀, ó jáde.

Ì bá sàn kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ọkùnrin náà ì bá tẹ̀lé e délé, kó jókòó tì í, kó ní "Mo ṣẹ̀ yín," kó sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí bọ́tìnnì lára irú iṣẹ́ yẹn, kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ó padà sídìí èyí tó mọ̀. Ó ṣe ẹ̀rọ kékeré kan tí yóò máa kì bọ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà náà, tí kọ̀ǹpútà yóò fi máa sọ̀rọ̀. Ó wá pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù, ó ní kó ka gbogbo ohun tí ìyá àwọn sọ sínú kásẹ́ẹ̀tì náà fún òun gbọ́. Kò kọ́kọ́ wu obìnrin náà láti kà á. Ṣùgbọ́n ebi ohùn yẹn ń pa á, ó sì kà á, ìkíni, ọ̀yẹ́, títí dé èébú tí ìyá bú adìẹ. Ọkùnrin náà ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà bó ṣe ń gbọ́. Nígbà tó dé orí ọmọ tó ti ń rìn, òun alára ni, kò dúró. Ó tẹ̀ ẹ́ kọjá.

Ó ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa bọ̀. Ó pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Obìnrin náà wọ aṣọ tó dára wá, wọ́n fi í sórí àga níwájú. Ọkùnrin náà tẹ bọ́tìnnì.

Kọ̀ǹpútà náà pe Àwẹ̀ró. Bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ ara káàdì nílé ìwòsàn ló ṣe pè é. Ó béèrè ọ̀yẹ́, ó ní ọmọ ti ń rìn. Ó bú adìẹ náà pẹ̀lú, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń ka ìkéde. Àwọn ẹgbẹ́ pàtẹ́wọ́ gan-an. Ọ̀kan nínú wọn fi fóònù ya gbogbo rẹ̀, ó fi í ránṣẹ́ káàkiri ayé. Obìnrin náà dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó lọ sílé rẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ó pe àbúrò rẹ̀.

"Tẹ́lẹ̀, tí mo bá dijú, mo ṣì máa ń gbọ́ Màámi, lókèèrè," ó wí. "Ní báyìí, nǹkan tìẹ yẹn ló ń pè mí. Òun ló ń kọ́kọ́ dé. Ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù sí mi lọ́kàn, o ti gba tìẹ lé e."

"Ẹ̀gbọ́n mi, bóyá tí mo bá tún ohùn rẹ̀ ṣe díẹ̀..."

Ó ti pa fóònù. Kò tún wá sílé rẹ̀ mọ́. Títí di bí mo ṣe ń wí yìí, àwọn èèyàn tí kò mọ̀ ọ́n rí ń ránṣẹ́ sí i láti òkè òkun, wọ́n ń kí i kú iṣẹ́.

Ó wá kan ìwọ báyìí. Ìyàwó rẹ fi ọ̀rọ̀ kan sí ọ níkùn, ọ̀rọ̀ tí kò sọ fún ìyá tó bí i, ó sì bẹ̀ ọ́ kó má ti ọ̀dọ̀ rẹ jáde. O sọ ọ́ láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín. Ó ti dé etí rẹ̀. Ìwọ wá bá èmi pásítọ̀ rẹ láàárọ̀ yìí, o ní kí n fún ọ ní makirofóònù ní ìsìn ọjọ́ Àìkú, kí o pè é jáde, kí o yìn ín lójú gbogbo ìjọ, kí a sì pàtẹ́wọ́. O ní ìyẹn yóò tún un ṣe.

Mi ò ní fún ọ. Àtẹ́wọ́ yẹn, tìẹ ni, kì í ṣe tirẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ tó bá kù fún un, bó bá ti rántí ọ̀rọ̀ tó fi pamọ́ sí ọ lọ́wọ́, ariwo ìjọ ni yóò máa gbọ́. Ohun tí o bà jẹ́ kò ní padà bọ̀ sípò, ó ṣeé ṣe kí obìnrin yẹn má tún fi inú hàn ọ́ mọ́ títí ayé. Gba bẹ́ẹ̀, má wá ọgbọ́n sí i. Dìde, máa lọ sílé. Bó bá ń sunkún, má ní kó dákẹ́. Bó bá ń bú ọ, jókòó kí o gbọ́ ọ. Sọ fún un pé o ṣẹ̀ ẹ́, má fi "ṣùgbọ́n" kan tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà, pa ẹnu rẹ mọ́, bó ṣe yẹ kí o ti pa á mọ́ lọ́jọ́ yẹn.