Màmá Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Kò Sí Nínú Ìwé

Ọkùnrin kan wà ní ìlú ńlá, tí wọ́n sin ìyá bàbá rẹ̀ sí itẹ́ òkú ìjọ ní abúlé wọn. Ìjọ fẹ́ kọ́ ilé ìwé sórí ilẹ̀ náà. Wọ́n kéde pé kí ẹni tí ó bá mọ ibojì ènìyàn rẹ̀ wá kó egungun rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ tuntun kí ọjọ́ Àbámẹ́ta tó dé. Ibojì tí kò bá ní olúwa, wọn yóò tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ.

Ìyá yìí ni ó tọ́ ọkùnrin náà dàgbà. Ó gbéra ní ọjọ́ Ajé. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, nítorí ìjọ náà kì í sin òkú láìkọ orúkọ àti nọ́ńbà ibojì rẹ̀ sínú ìwé.

Akọ̀wé ìjọ ṣí ìwé náà. "Kí ni orúkọ ìyá yín?"

"Màmá Ọ̀dẹ̀dẹ̀."

Akọ̀wé bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé Màmá Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni àlùfáà pè nígbà tí ó da omi sí wọn lórí?"

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ìyá máa ń jókòó sí. Orúkọ tí àwọn ọmọdé fi ń pè é nìyẹn. Obìnrin mẹ́sàn-án ni wọ́n sin ní ọdún tí ó kú. Ọkùnrin náà ka orúkọ wọn lọ, ó kà á bọ̀, kò mọ èyí tí ó gbé òun pọ̀n nínú wọn.

Bàbá rẹ̀ ti kú. Ó wọ agbo ilé wọn lọ. Àwọn ìyàwó ilé ní Ìyáálé ni àwọn ń pè é. Ta ni yóò la orúkọ mọ́ àgbà lórí? Àwọn tí wọ́n gbé e níyàwó ti kú tán. Ọjọ́ méjì lọ báyìí. Ilé ọkọ ni ó ń wá orúkọ obìnrin sí, bẹ́ẹ̀ ilé baba obìnrin ni wọ́n ti ń pe orúkọ rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ, ó kọjá odò lọ sí abúlé tí wọ́n ti bí ìyá náà. Arúgbó kan ṣoṣo ni ó kù nínú ẹgbẹ́ rẹ̀.

"Màmá kí ni? Àwẹ̀ró olójúkòkòrò! Igi àgbálùmọ̀ wo ni kò gùn? Ọjọ́ kan náà ni wọ́n ṣe ìrìbọmi fún wa. Wọ́n pe èmi ní Lìdíà, wọ́n pe òun ní Dọ́kásì. Ìwọ ọmọ yìí, ó pẹ́ kí o tó wá."

Ní ọjọ́ Ẹtì, akọ̀wé rí i: Dọ́kásì Àwẹ̀ró, nọ́ńbà mọ́kànlélógójì. Wọ́n kó egungun rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n sì tún un sin.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n tẹ́ àwọn ibojì tí kò rí olúwa pẹrẹsẹ. Àwọn ọmọ tí wọ́n ni òkú wọ̀nyẹn kò sí lẹ́yìn odi o. Wọ́n dúró lẹ́bàá ọgbà, wọ́n ń wo ọkọ́. Orúkọ ìyá wọn wà nínú ìwé, wọn kò sì mọ̀ pé ìyá wọn ni.

Ìwọ tí mo ń bá sọ̀rọ̀, ìwé ìsìnkú dára, mo bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n kò lè dá ẹni tí kò mọ orúkọ lóhùn. Ìyá tí ó bí ìyá rẹ ṣì wà láàyè. Mọ̀mí Àgbà ni o ń pè é. Ọ̀wọ̀ ni, n kò bá ọ wí. Ṣùgbọ́n wọ́n sọ ọ́ lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ. Kí ni ó ń jẹ́? Má wò mí lójú. Dìde, lọ kúnlẹ̀ bi í, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí ilẹ̀ òní tó ṣú.