Odi Ẹ̀yìnkùlé Ẹlòmíràn

Ní ọdún tí àwọn akónilẹ́rú kó èèyàn méjìdínlógójì ní Ìdó-Apá láàárín àárọ̀ ọjọ́ kan, kò sí ẹni tó tún fọkàn balẹ̀ lọ sóko mọ́. Àyìnkẹ́, ìyàwó Láṣebìkan, wà lára àwọn tí wọ́n kó. Ó kú lọ́nà. Ẹnì kan tó já mọ́ wọn lọ́wọ́ ló mú ìròyìn náà wálé. Láṣebìkan, àgbẹ̀ tó ga bí òpó, ọmọ a-po-amọ̀-má-rẹ̀ẹ́, fi ọjọ́ mẹ́ta ṣọ̀fọ̀ rẹ̀.

Baálẹ̀ pàṣẹ pé kí agboolé kọ̀ọ̀kan mọ odi sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Wọ́n mọ ọ́n ga, wọ́n mọ ọ́n nípọn. Àwọn kan tilẹ̀ ya ọnà sára tiwọn. Ṣùgbọ́n apá àbàtà, tó fẹ̀ tó ogójì ìṣísẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yìnkùlé ẹnì kankan. Nítorí náà, kò sí ẹni tó mọ nǹkan kan síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ogun akónilẹ́rú náà gbà wọlé nígbà ẹ̀rùn, tí ilẹ̀ gbẹ.

Láṣebìkan lọ bá Bàbá Ọ̀pádòtun, olórí agboolé tó tóbi jù nílùú.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ẹ jẹ́ ká jọ dí ti àbàtà.”

“Tiwa ti parí, ọmọ mi.”

“Bí wọ́n bá tún gbabẹ̀ wọlé ńkọ́?”

“Ṣé ẹ̀yìnkùlé mi ni àbàtà ni? Àbí àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ló rán ọ níṣẹ́?”

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Ohun kan náà ni wọ́n sọ fún un ní agboolé yòókù. Inú bí i. Odi tirẹ̀ kò tíì ju orúnkún lọ. Ó fi í sílẹ̀, ó gbé ọkọ́ lọ sí àbàtà. Odidi oṣù méjì ni òun nìkan fi ń po amọ̀. Àwọn tó ń kọjá ń kí i ní “Baálẹ̀ Ọ̀pọ̀lọ́.”

Ọjọ́ kẹta tó parí rẹ̀ ni ogun dé. Àbàtà ni wọ́n forí lé, wọ́n bá odi. Wọ́n yí ìlú po títí wọ́n fi rí ibi tó kúrú: ẹ̀yìnkùlé Láṣebìkan. Òun nìkan ló dúró síbẹ̀, àdá lọ́wọ́, ó sì ké:

“Ẹ̀yin ará Ìdó-Apá! Ẹ̀yìnkùlé mi nìyí, kì í ṣe tiyín! Mi ò lódi, torí tiyín ni mo ń mọ. Ẹni tí kò bá kàn, kó jókòó sílé!”

Bàbá Ọ̀pádòtun ló kọ́kọ́ jáde, ọ̀kọ̀ lọ́wọ́, ìtìjú lójú. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Wọ́n lé àwọn akónilẹ́rú náà débi tí wọn kò tún padà wá mọ́. Ṣùgbọ́n ọfà ti ba Láṣebìkan nítan, ó sì ń tiro títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, gbogbo ìlú kóra jọ wá mọ odi rẹ̀. Ó wò wọ́n títí.

“Ẹ pẹ́,” ni ó wí. “Ká ní a ti jọ fọwọ́ sowọ́ pọ̀ báyìí lọ́dún tó kọjá, Àyìnkẹ́ ì bá wà láàyè.”

Wọ́n ń mọ odi náà lọ.

Nígbà tí òun náà jẹ Baálẹ̀, òfin kan ṣoṣo ló ṣe: agboolé kankan kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan odi ara rẹ̀, ti ẹlòmíràn ni kó máa tún ṣe. Òjò ti wó àwọn odi náà tipẹ́, ṣùgbọ́n ní Ìdó-Apá títí di òní, bí òrùlé ẹnì kan bá ń jò, onílé kì í gùn ún. Yóò jókòó sẹ́nu ọ̀nà, yóò máa retí aládùúgbò. Nígbà mìíràn, wọ́n máa ń pẹ́ kí wọ́n tó dé.