Táyà Ẹ̀yìn Olóyè Fátókun

Ojú ìlà funfun tí wọ́n kùn sójú títì fún ẹlẹ́sẹ̀ ni Sùwébátù opó ti ń sọdá nígbà tí jíìpù Olóyè Fátókun gbá a nítan, tí kẹ́ẹ̀gì epo orí rẹ̀ fọ́ sórí ìlà náà. Ní àgbàlá àgọ́ ọlọ́pàá, olóyè sọ fún sájẹ́ǹtì pé òun ti dúró kóun tó dé ìlà, ibẹ̀ lòun sì ti yí ọkọ̀ padà wá sí àgọ́ láì tẹ ìlà, obìnrin náà ló wá kọlu ọkọ̀ òun: kó kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì, àbí kó wọ àtìmọ́lé. Ta ni yóò jẹ́rìí ta ko olóyè? Sùwébátù kúnlẹ̀, ó tú òṣùká rẹ̀. “Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ jẹ́ n nu epo ara táyà yín. Tiwájú nìkan ni, àbí?” “Ojú ẹ fọ́ ni? Nu mẹ́rẹ̀ẹ̀rin! Tẹ̀yìn ló tiẹ̀ pọ́n jù!” Sùwébátù bá dìde. “Sájẹ́ǹtì, ẹ gbọ́ o. Orí ìlà lepo mi dà sí. Ọkọ̀ tó dúró kó tó dé ìlà, tó sì yí padà níbẹ̀, báwo ni táyà ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe gun epo?” Sájẹ́ǹtì na ọwọ́ gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ olóyè. Sùwébátù ju òṣùká sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì: “Ẹ nu ún fúnra yín. Òfin ní kí awakọ̀ dúró fẹ́lẹ́sẹ̀. Kò ní kí ẹlẹ́sẹ̀ kúnlẹ̀ fáwakọ̀.”