Bàbá Tó Ń Wúkọ́ Nídìí Ọpọ́n Ayò

Ọkùnrin kan wà tó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ di ọ̀ta. Ọ̀ta là ń pe ẹni tó mọ ayò ta. Ní àdúgbò wọn, bí ọdún Àjíǹde bá dé, àwọn ọmọdé máa ń ta ayò níwájú ilé baálẹ̀, ẹni tó bá borí nínú wọn ni yóò bá olórí ọ̀ta ìlú jókòó. Ìjókòó yẹn ni bàbá yìí ń wá fún ọmọ rẹ̀.

Ọmọ náà kì í ṣe òmùgọ̀. Ọmọdé kì í pẹ́ mọ ayò. Ojú wọn mú, ọwọ́ wọn yá. Bí wọ́n bá rí ẹni jẹ wọ́n dáadáa nídìí ayò, òjò ọdún kan kì í tán kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bàbá yìí kò lè fara da á kí wọ́n jẹ ọmọ rẹ̀. Ẹ̀yìn ọmọ ló máa ń jókòó sí. Bí ọwọ́ ọmọ bá dé ilé ọpọ́n tó yẹ kó ta, á wúkọ́. Bí kò bá tíì dé ibẹ̀, á dákẹ́. Báyìí ni ọmọ ṣe ń jẹ gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń pè é ní ọ̀ta kékeré.

Ọmọbìnrin kan wà nílé kejì. Ìyá rẹ̀ àgbà ló ń bá a ta ayò, á sì máa sọ fún un pé:

"Mo tún jẹ ọ́, òpè. Kó ọmọ ayò jọ, jàre."

Ọmọ á sunkún, á nu imú, á tún jókòó. Ọkùnrin yẹn bá wọn níbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Màmá, ẹ ò tiẹ̀ ṣàánú ọmọ yìí."

Màmá ní, "Àánú rẹ̀ ló ń ṣe mí tí mo fi ń jẹ ẹ́."

Ọjọ́ ọdún pé. Wọ́n ti jẹ àwọn ọmọ yòókù, ó ku àwọn méjèèjì yìí nídìí ọpọ́n. Ariwo òǹwòran pọ̀, ni olórí ọ̀ta bá ní kí gbogbo àgbà bọ́ sí òdìkejì ọ̀nà.

Ọmọkùnrin náà na ọwọ́ sí ilé kan, ó dúró. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó nà án sí òmíràn, ó tún dúró. Ó wá bojú wẹ̀yìn. Bàbá rẹ̀ ń wúkọ́ lọ́hùn-ún bí ẹni tí eegun ẹja há sí lọ́fun, ṣùgbọ́n kò rí ojú ọpọ́n láti ibẹ̀.

Ọmọbìnrin ní, "Ta á o. Ọpọ́n ò sí lẹ́yìn."

Ọmọkùnrin náà ta á. Ọmọbìnrin náà jẹ ẹ́ títí kò fi ku ẹyọ ọmọ ayò kan fún un.

Ìwọ tó ń ka èyí, mo mọ̀ ọ́. Ìwọ lo wá ẹni tí yóò bá ọmọ rẹ ṣe ìdánwò, o sì pè é ní ìfẹ́. Ohun tí ọmọ ìbá fi òjò ọdún kan mọ̀, o ti fi ikọ́ dí i lọ́nà. Jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ́ nísinsìnyí, nígbà tó ṣì lè nu imú kó tún jókòó. Wọ́n ń bọ̀ wá sọ fún ìwọ náà pé kí o bọ́ sí òdìkejì ọ̀nà.